Ẹṣin Tí Ìkíni Ń Dá Dúró

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, orí ẹṣin ni mo ti máa ń mu ẹ̀kọ àárọ̀ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mo ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ yìí, tí mo ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó ti yàrá dé ìta, ẹ ò lè gbà pé mo ti jókòó sórí ẹṣin rí, pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ lọ́wọ́ méjèèjì, láì di nǹkan kan mú.

Iṣẹ́ bàbá mi ló fà á. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò wa ní Ìlobù, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ mìíràn tí mi ò rí ẹlòmíràn tó ń ṣe é nítòsí wa. Ó ń kọ́ ẹṣin ní ìrìn. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó lọ gbé ní Ìlọrin fún ọdún mélòó kan lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń tọ́jú ẹṣin, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bí ìjòyè tàbí Alájì kan bá ra ẹṣin tó fẹ́ máa gùn lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá, tí ẹṣin náà sì ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń ku èlùbọ́, ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ń mú un wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí púpọ̀ nínú yín ò rí ẹṣin rí ju inú tẹlifíṣàn lọ. Ẹṣin tí a ò kọ́, bó bá yára díẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ló ń gbé pọ̀. Ìyẹn ló ń ju èèyàn sókè sódò, tí ìdí á máa lu gàárì, tí eyín òkè á máa lu ti ìsàlẹ̀. Ohun tí bàbá mi ń fẹ́ ni pé kí ẹsẹ̀ ọ̀tún méjèèjì jọ lọ, kí ti òsì méjèèjì sì tẹ̀ lé e. Bí ẹṣin bá mọ èyí tán, á kàn máa yọ́ lọ ni, ẹni tó gùn ún lè sùn. Okùn ló fi ń kọ́ wọn. Á so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, á fi àkísà wé ibi tí okùn ti kan ara kó má baà bó ẹṣin, á wá máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Kì í nà wọ́n. Ó ní ẹṣin tí èèyàn bá nà, ẹ̀rù ló máa kọ́, kò ní kọ́ ìrìn.

Bí okùn bá ti ṣe tiẹ̀ tán, èmi ló kàn. Ó nílò ẹni tó fúyẹ́, tí kò sì ní fi ẹsẹ̀ gún ẹṣin níhà pé kó sáré. Bàbá mi á gbé mi jókòó sórí gàárì, ìyá mi á gbé igbá ẹ̀kọ lé mi lọ́wọ́, ó di ọ̀nà. Bí ẹ̀kọ bá dà sí mi lẹ́sẹ̀, ìrìn kò tíì dáa. Bí mo bá mu ún tán láì ta sílẹ̀, bàbá mi á ní "Alhamudulilai." Itan mi méjèèjì mọ ẹ̀kọ lọ́wọ́ọ́wọ́ dáadáa, ẹ gbà mí gbọ́. Ìyá mi á máa ráhùn pé ṣé ọmọ òun ni wọ́n wá fi ń dán ẹṣin wò, bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń po ẹ̀kọ.

Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé. Ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n, ilé ọkọ ló gbé wọn dé Ìlobù. Nígbà tí mo ṣì ń rá kòrò ni wọ́n ṣubú létí odò, egungun ìbàdí wọn yẹ̀, kò sì padà sípò dáadáa mọ́. Nínú ilé, àpótí ìjókòó ni wọ́n ń tì síwájú, tí wọ́n á fi ara tì í, tí wọ́n á tún tì í síwájú. Ibi tó jìnnà jù tí wọ́n ń dé ni abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa. Wọn ò ráhùn nípa ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn: àbúrò wọn obìnrin tó wà ní Ìfọ́n, ọmọ ìyá wọn kan ṣoṣo tó kù láyé. Òun náà ti darúgbó, ojú rẹ̀ sì ti fọ́.

Ìlobù sí Ìfọ́n! Ẹni tó ní ẹsẹ̀ á rìn ín dé kí ẹ̀wà tó jinná. Síbẹ̀, ọdún méje gbáko ni ẹ̀gbọ́n ò fi rí àbúrò. Ẹnu àwọn alájàpá ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Èyí á ní "ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi o," tọ̀hún á ní "ẹ ní mo ní kó máa fi òrí pa ẹsẹ̀ o." Irú ìkíni bẹ́ẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n kì í yó èèyàn.

Wọ́n gbìyànjú bọ́lẹ̀kájà lẹ́ẹ̀kan. Ojú ọ̀nà nígbà náà, kòtò pọ̀ ju ọ̀nà lọ, kí ọkọ̀ sì tó kúrò nínú Ìlobù, Ìyá àgbà ti ń sunkún bí ọmọdé. Awakọ̀ dúró, wọ́n gbé wọn padà wálé. Bàbá mi ní kí òun pọ̀n wọ́n. Wọ́n ní, "Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà, o wá fẹ́ pọ̀n mí kọjá lójú gbogbo ará ọjà? Ó ti o!" Ọmọlanke ńkọ́? Wọ́n ní àwọn kì í ṣe àpò àgbàdo. Ìyá àgbà lágídí púpọ̀, mi ò sì lè bú wọn, nítorí mo jogún díẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n yí pọ́n-ùn sí náírà, Alájì kan ní Ìlobù mú ẹṣin pupa kan wá fún bàbá mi. Oníṣòwò kòkó ni Alájì yìí, ó ga, ó sanra, bó bá ń kọjá lọ kì í wo ọ̀tún, kì í wo òsì. Ó ní kí bàbá mi bá òun kọ́ ẹṣin náà kí Iléyá tó dé. Lọ́jọ́ kìíní tí mo gùn ún, gbogbo ẹ̀kọ ló dà sí mi láyà. Ṣùgbọ́n bàbá mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́, ó ní èyí á yọ́ ju gbogbo èyí tí òun ti kọ́ rí lọ. Ìyá àgbà gbọ́ láti orí àpótí wọn. Wọ́n ní, "Ṣé á yọ́ débi pé ìbàdí mi ò ní mọ̀?" Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Kó tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, jẹ́ kó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan mìíràn mọ́ láyé." Bàbá mi lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ Alájì, Alájì sì gbà. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo wa mọ ìdí tí a fi ń kọ́ ẹṣin.

Ibi tí a ti ṣe àṣìṣe nìyí o. Ọ̀nà Ìfọ́n gan-an ni bàbá mi ń mú ẹṣin gbà lójoojúmọ́, kó lè mọ àwọn kòtò ibẹ̀ lórí. Àárọ̀ là ń lọ, àárọ̀ sì ni àwọn èèyàn ń lọ sóko, tí àwọn ìyá ń gbé igbá ọjà. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í kọjá àgbà láì kí i. Ṣùgbọ́n èmi, ọmọ àná, orí ẹṣin ni mo wà, orí mi ga ju fìlà àwọn àgbà lọ. Kí ọmọdé jókòó sókè kó máa kí bàbá tó dúró nílẹ̀? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bàbá mi ò gbà á rárá. Bí ẹnì kan bá ti ní "ẹ kú iṣẹ́ o," bàbá mi á dá ẹṣin dúró, á gba igbá lọ́wọ́ mi, á gbé mi sọ̀ kalẹ̀, èmi á kúnlẹ̀, òun á dọ̀bálẹ̀. A ó kí ilé, a ó kí oko, bí ìyàwó bá ti bímọ a ó kí ìyá, a ó kí ọmọ, kó tó gbé mi padà sókè. Ẹṣin á ti máa jẹ koríko rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìrìn rẹ̀ wá dára, ó dára kọjá sísọ. Mo sùn lọ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, bàbá mi ló gbá igbá mú lọ́wọ́ mi. A ò mọ̀ pé ẹṣin ti kọ́ ẹ̀kọ́ kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi ń mú un jáde níwájú ilé, ìyá mi sì ń kí aládùúgbò wa obìnrin pé "ẹ kú ìkálẹ̀ o." Àwa kọ́ ló tilẹ̀ ń kí. Ẹṣin dúró gbọn-in. Bàbá mi fà á, kò lọ. Ó ní kí ìyá mi tún un sọ nígbà tí ẹṣin gbéra. Ìyá mi tún un sọ, ẹṣin tún dúró, ó ki ẹnu bọ koríko. Bàbá mi fọwọ́ lé orí. Ó ní, "Yéè! Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kó kọ́ ló kọ́, ó tún kọ́ èyí tí mi ò fẹ́." Ó ní òun á fi ọ̀sẹ̀ méjì tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, alájàpá kan dé láti Ìfọ́n, kò tilẹ̀ sọ ẹrù kó tó kúnlẹ̀ fún Ìyá àgbà. Ó ní àbúrò wọn ò jẹun mọ́, ọjọ́ kẹta nìyí. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kọjú sí ògiri, á ní ṣé ẹ̀gbọ́n òun ti dé ni. Ìyá àgbà ò sunkún. Wọ́n ní kí ìyá mi bá àwọn mú ìró aṣọ òkè àwọn jáde nínú àpótí aṣọ. Wọ́n wá kọjú sí bàbá mi, wọ́n ní, "Mú ẹṣin yẹn wá."

Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ẹṣin yìí ṣì ní àléébù kan."

Wọ́n ní, "Èmi náà ní. Mú un wá."

A di tìmùtìmù òwú mọ́ gàárì. Bàbá mi àti ìyá mi gbé wọn jókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi di ìjánu mú níwájú, ìyá mi fọwọ́ ti ẹ̀yìn wọn, èmi ń tẹ̀ lé wọn. Bí ẹṣin ṣe gbéra, Ìyá àgbà di ojú pinpin, wọ́n ń retí ìrora. Ìrora ò dé. Wọ́n la ojú kan, wọ́n ní, "Ṣé a ti ń lọ ni?" Àní inú bàbá mi dùn débi pé ó gbàgbé láti dá wọn lóhùn.

Ìdùnnú yẹn ò pẹ́. Ẹ rò ó wò: ìyá tí àdúgbò ò rí níta fún ọdún méje, òun ló jókòó sórí ẹṣin nínú aṣọ òkè! Ta ló máa dákẹ́? "Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Ẹṣin dúró. "Ẹ kú ewu o!" Ẹṣin dúró. "Ẹ kú oríire o, Ìyá!" Ẹṣin tún dúró. Bí bàbá mi bá fà á, á fa ọrùn padà, gàárì á mì, Ìyá àgbà á sì bu ètè jẹ. Èyí tó wá burú jù ni pé Ìyá àgbà ń dá wọn lóhùn. Bí ẹṣin bá ṣe fẹ́ gbéra báyìí, wọ́n á ní "ẹ kú ilé o," ó parí. Oòrùn ti ń ga, a ò tíì kúrò ní àdúgbò wa. Bàbá mi wá ní, "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ má dá wọn lóhùn mọ́." Wọ́n wò ó bí ẹni tó bú wọn. "Kí n má dá ẹni tó kí mi lóhùn? Ṣé mo ti kú ni?"

Bàbá mi yíjú sí mi. Ó ní kí n sáré síwájú, gbogbo ẹni tí mo bá bá lọ́nà, kí n kúnlẹ̀ fún un, kí n bẹ̀ ẹ́ kó má kí wa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ṣe iṣẹ́ tó le láyé, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó eléyìí. Wọ́n ti nà mí rí nítorí pé mi ò kí èèyàn. Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ fún àgbà pé kó má kí ni. Mo sáré. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá ni bàbá kan tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà mi ń bọ̀ lórí ẹṣin, ẹ má kí wọn." Bàbá yẹn wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé orí ẹ pé? Ọmọ ta ni ọ́?" Mo bú sẹ́kún. Inú ẹkún yẹn ni mo ti rò fún un, ti ẹṣin, ti ìbàdí, ti àbúrò tí kò jẹun. Ó gbọ́ tán. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì tẹrí ba títí ẹṣin fi kọjá.

Bí mo ṣe ń sáré lọ nìyẹn, tí mò ń kúnlẹ̀, tí mò ń dìde, títí eékún mi méjèèjì fi bó. Àwọn kan bínú. Ìyá kan tó ń ta gúgúrú ní, "Ẹ gbà mí, wọ́n gun ẹṣin lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti di ẹni tí a ò gbọdọ̀ kí!" Ṣùgbọ́n nígbà tó yọjú tó rí Ìyá àgbà, òun náà kúnlẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jù mí lọ. Ẹni tí mo bá bẹ̀ á fọwọ́ sí ẹnu han ẹni tó wà níwájú, tọ̀hún á fi han ẹlòmíràn. Kí a tó jáde nínú Ìlobù, ẹnu mi ò níṣẹ́ mọ́. Gbogbo ọ̀nà dákẹ́. Àwọn obìnrin sọ ẹrù, wọ́n kúnlẹ̀ láì fọhùn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin dọ̀bálẹ̀ sínú eruku bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà kan pa ẹ́ńjìnnì, àwọn èrò rẹ̀ na ọwọ́ jáde, wọ́n ń jù ú sí wa. Ìyá àgbà ń gbé ọwọ́ sókè sí ọ̀tún, sí òsì, omijé ń ṣàn lójú wọn, ẹṣin sì ń yọ́ lọ.

A dé agbo ilé wọn ní Ìfọ́n. Àbúrò wọn dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, ó gbé orí sókè. Ìyá àgbà ò lè pa á mọ́ra mọ́, wọ́n ké láti orí gàárì, wọ́n pe àbúrò wọn ní oríkì tí ẹnì kankan nínú àwa ọmọ ò gbọ́ rí. Ìyá yẹn dìde jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ìrìn!" Ẹṣin dúró lẹ́nu ọ̀nà gẹ́lẹ́, bàbá mi ò sì tíì fọwọ́ kan ìjánu.

Wọ́n gbé Ìyá àgbà kalẹ̀ sórí ẹní. Àbúrò wọn nawọ́, ó fọwọ́ wá ojú wọn, ó ń tẹ̀ lé ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pẹ̀lú ìka, ó ń sọ pé, "Ẹ ti gbẹ, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbẹ." Ìyá àgbà ní, "Ìwọ tí o ò jẹun ló ń sọ pé mo gbẹ?" Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá. Wọ́n ń bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ní ṣé kò sí òmíràn. Bàbá mi jáde síta, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó sunkún.

Ìyá àgbà ò bá wa padà. Wọ́n ní ìbàdí àwọn ti rìn tán. Ọdún mẹ́rin ni Ọlọ́run fi kún ọjọ́ àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ lò ó lórí ẹní kan náà. Bí a bá lọ kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ìjà la máa ń bá nílẹ̀, ìjà aṣáà, ìjà ta ni ìyá wọn fẹ́ràn jù. Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ ìjà yẹn.

Bàbá mi mú ẹṣin padà fún Alájì, ó sì jẹ́wọ́ àléébù rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, nítorí bí Alájì bá bà á lórúkọ jẹ́, kò sẹ́ni tó tún máa mú ẹṣin wá. Alájì ní, "Ṣé kò ní jẹ́ kí n kọjá ẹni tó bá kí mi?" Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jọ̀ọ́, sà. Alájì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ìyàwó mi tó ń ní èmi kì í kí èèyàn ló bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀!" Lọ́jọ́ Iléyá, díẹ̀ ló kù kí ìrun kọjá a, nítorí gbogbo ìlú kí i, ó sì dá gbogbo ìlú lóhùn. Ó gbádùn rẹ̀ débi pé kò jẹ́ kí bàbá mi tún ẹṣin náà ṣe mọ́.

Ayé ti yí padà. Ọ̀dà ti wà lójú ọ̀nà, ọ̀kadà ló ń gbé àwọn arúgbó báyìí. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn náà, nítorí èmi gan-an ò lè rìn ín mọ́. Bàbá mi ti lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì bá a lọ, nítorí kò sí ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí ni aáwọ̀ ilẹ̀ tó wọ àárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Ẹjọ́ àgbà ni, mi ò ní dá a. Mo kàn mọ̀ pé ọjọ́ wà tí wọ́n ní kí a má gba ọ̀nà yẹn, tí ẹni tó ní ẹsẹ̀, tó ní ọkọ̀, kò lè lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òdìkejì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń jókòó, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn àárọ̀ yẹn tí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́ nítorí arúgbó méjì. Ọ̀pọ̀ wọn ti wà nínú ilẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá bi mí pé èwo nínú wọn ni ọmọ Ìlobù, èwo ni ọmọ Ìfọ́n, mi ò mọ̀. Gbogbo wọn ni mo kúnlẹ̀ fún, mi ò sì bi ẹnì kankan.